Ohun Tó Ń Rún Àgbàdo ní Ọ̀sán Gangan

Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí olùṣọ́ àká bá pọ̀ ju àgbàdo lọ, eku kọ́ ló jẹ̀bi?

Ní abúlé Ọ̀pẹ́ta, àká ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí de ọjọ́ ogbó. Olùṣọ́ kan ló ń ṣọ́ ọ. Èèwọ̀ ni kí àgbàdo jáde níbẹ̀ àfi lọ́wọ́ arúgbó tó ni ín, nítorí náà inú àká ni olùṣọ́ ti ń jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀: àgbàdo márùn-ún lóòjọ́.

Bàbá Fágbàmígbé ló kọ́kọ́ ní òun ò fẹ́ kí tòun dà pọ̀ mọ́ ti ọ̀lẹ. Ó kọ́ àká tirẹ̀, ó gba Oyèébísí ní olùṣọ́. Làwọn yòókù bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àká méjìlá fara ti ara wọn.

Kò pé oṣù kan tí Oyèébísí fi sáré wọlé ní ọ̀sán gangan.

“Bàbá, nǹkan kan ń rún nǹkan lẹ́yìn ògiri!”

“Eku ni.”

“Ẹ wá gbọ́ ọ.”

Bàbá lọ. Adìyẹ kan ò ké. Ó fi etí lé ògiri amọ̀ náà. Kùrù, kùrù, kùrù, bí ẹni tí kò yó láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Bàbá gba olùṣọ́ kejì. Ariwo náà pọ̀ sí i. Ó gba ẹ̀kẹta kó máa ṣọ́ àwọn méjì. Gbogbo alákàá ṣe bẹ́ẹ̀, títí ewúrẹ́ pàápàá fi ń yà fún ibẹ̀.

Ọdún yípo, orúnkún Bàbá kọ oko. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ ṣí àká. Òkùnkùn biribiri. Èémí gbígbóná fẹ́ sí i lójú. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni, eyín ló rí.

“Ta... ta nìyẹn?”

“Àwa ni, Bàbá,” Oyèébísí dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún. “Owó iṣẹ́ là ń jẹ. Ẹ tètè ti ilẹ̀kùn, nǹkan yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Lẹ́yìn ògiri, ohùn kan ké: “Yéè! Ó tún ti ń rún nǹkan lọ́dọ̀ Bàbá Fágbàmígbé!”

Bàbá fọwọ́ tálẹ̀. Ṣùkù àgbàdo lásán ló bá. Eku kan sùn sígun, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka egungun ìhà rẹ̀.

“Olè náà rèé!” olùṣọ́ kẹta pariwo.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá ń fi ìdí wọ́ láàárín ebè, ó ń roko. Aládùúgbò rẹ̀, Ìyá Àdùnọlá, dúró tì í.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lákàá! Àbí eku ti kó o tán ni?”

Bàbá nu òógùn ojú. “Má purọ́ mọ́ ẹran ẹlẹ́ran. Bí olùṣọ́ àká bá pọ̀ ju àgbàdo lọ, eku kọ́ ló jẹ̀bi.”