Búrẹ́dì Ọ̀sán Gangan Nínú Ààwẹ̀

Ọ̀sán kan nínú ààwẹ̀ èṣí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Tí mo bá rántí rẹ̀, ojú a tún máa tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.

Ọ̀rọ̀ Ràfíátù ọmọ mi ló fà á. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i á ní kò ju méjì lọ. Ikùn rẹ̀ máa ń wú, ìgbẹ́ gbuuru kì í sì í jìnnà sí i. Nígbà tí àwọn dókítà kan wá ń ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọdé ní Savalou, mo gbé e gun alùpùpù láti Bantè, a lọ. Wọ́n ní ó lè jẹ́ àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní séliyákì. Àlìkámà tó wà nínú búrẹ́dì ló máa ń ba ìfun ẹni tó bá ní in jẹ́.

Mo ní, "Mo ti fura! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mi ò ti fún un ní búrẹ́dì mọ́." Inú mi dùn pé mo gbọ́n.

Nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú wọn mi orí. "Ìyá Ràfíátù, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tí kò bá jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní fi nǹkan kan hàn wá. Ẹ lọ máa fún un ní ègé méjì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kẹ́ ẹ wá gbé e padà wá. Ẹ má fo ọjọ́ kan o."

Ó rọrùn lẹ́nu. Ọmọ mọ́kànlá ló wà nínú agbo ilé wa, abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Èmi ni ìyàwó tó kéré jù. Tí mo bá ń bọ́ ọmọ tèmi nìkan níṣojú àwọn tó kù, orúkọ tí wọ́n máa pè mí ò ní dáa. Ọjọ́ kìíní tí mo mú búrẹ́dì jáde, mo pín in kárí, èyí tó kan Ràfíátù ò tó ohun tí adìyẹ á ṣà. Ẹlòmíràn ì bá kàn ṣàlàyé fún àwọn àgbà. Èmi? Tí ìyá ọkọ mi bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò títí wọ́n á fi kọjá. Ọkọ mi tí ì bá sì bá mi sọ ọ́ wà ní Kútọnu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé wọ́n ní kí n máa fún ọmọ ní ohun tó ń pa á lára, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń pa á lára?

Bí èmi àti ọmọ mi ṣe di ará ẹ̀yìn àká nìyẹn. A ó dọ́gbọ́n yọ kúrò láàárín èrò, Ràfíátù á jẹ búrẹ́dì rẹ̀, a ó padà. Ibẹ̀ ni ààwẹ̀ ti bá wa.

"Ìyàwó," ni ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, sọ lọ́jọ́ kan, "èérún kí lèyí lára ìborùn rẹ?"

Mo ní eruku ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, a tún wà níbẹ̀. Ràfíátù ti jẹ ègé kan, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ ìkejì. Ni mo bá gbọ́ ìró bàtà. Ìyá ọkọ mi ni, ìyálé mi ń tẹ̀ lé wọn. Mi ò rí ibi tí mo lè fi búrẹ́dì náà pamọ́ sí. Mo bá kì í bọ ẹnu. Ẹnu tèmi.

"Ìyá, ṣé ẹ rí i?" ìyálé mi pariwo. "Ṣebí mo sọ fún yín!"

"Ìyàwó, kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan. "Mm-mm" ló jáde.

"Nínú ààwẹ̀? Ọ̀sán gangan?"

Mi ò lè tu nǹkan sílẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi, mo bá gbé e mì. Ó há mi lọ́fun. Mo wúkọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú mi, ìyálé mi fúnra rẹ̀ ló sáré bu omi wá. Mo jẹ búrẹ́dì, mo tún wá fi omi lé e.

Ràfíátù ló bú sẹ́kún. "Búrẹ́dì mi ni! Dókítà ní èmi ni kí n máa jẹ ẹ́, Màmá ti jẹ ẹ́ tán!"

Ó wá di dandan kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Ìyá yíjú sí mi.

"Wọ́n ń yẹ ọmọ-ọmọ mi wò, mi ò gbọ́? Àbí o rò pé èmi á bá ọmọdé du búrẹ́dì?"

Wọ́n rán ìyálé mi lọ ra òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, Ìyá ló jókòó ti Ràfíátù ní àárín agbo ilé, ọ̀pá lọ́wọ́, tó ń lé àwọn ọmọ tó kù: "Ẹ yàgò! Tàyẹ̀wò lèyí!" Ìyá fúnra wọn ló bá wa lọ sí Savalou. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ fi nǹkan hàn, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: séliyákì ni lóòótọ́. Láti ìgbà tó ti ń jẹ iṣu àti àgbàdo nìkan, ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀, gbogbo aṣọ rẹ̀ ló sì ti kúrú.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún sá fún, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti sọ.

Mo ṣì ní ààwẹ̀ ọjọ́ kan láti san padà. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, èmi nìkan ni mo gbà á, gbogbo ilé sì mọ ìdí. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ọ̀sán, ìyálé mi ké sí mi láti ìdí abọ́: "Ìyàwó, la ẹnu ká wò ó!" Mo là á gbayawu níwájú Ìyá àti gbogbo wọn. Ẹ̀rín sọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ebi fi wá ń pa mí gan-an.