Ìbuwọ́lùwé Ọ̀gá Kálámù

Bí ẹ bá gbé Òkè-Ìléwó rí, ẹ ó mọ Herbert: Ọ̀gá Kálámù, ọkọ yíǹkì, a-kọ̀wé-bí-ẹni-ń-jó. Kò sí ohun tó wu ọkùnrin yìí tó ìbuwọ́lùwé ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, á kọ́kọ́ ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, á wúkọ́, á wá máa lọ́ kálámù kiri bí ejò tó ń wá ihò. Kó tó parí, tíì yín ti tutù.

"Ta ló lè ṣe irú èyí ní gbogbo Ẹ̀gbá?" ni yóò bi yín.

Ẹ má dá a lóhùn o. Ẹni tó bá dá a lóhùn, ibẹ̀ ni yóò sùn.

Lọ́dún 1984, sìmẹ́ńtì di ohun àwátì. Dípò kan, ilé ìkẹ́rùsí sìmẹ́ńtì, ló ń pín in l'Òkè-Ìléwó. Ẹni tí wọ́n bá yọ̀ǹda tirẹ̀ fún yóò buwọ́ lùwé, yóò fi rán ẹni tí yóò bá a gbà á. Mọ́ṣáláṣí kan l'Ówu wà lára wọn. Ògiri wọn ti ga, kò tíì lórùlé, òjò sì ti ń ṣú. Alhaja Bùsírátù ló ń buwọ́ lùwé fún wọn.

Herbert gbọ́ pé sìmẹ́ńtì wọn ti dé. Ó rántí bákónì ilé rẹ̀ tí kò tíì parí.

"Àdúrà inú òjò kì í tètè gbà ni?" ló wí. Ó jókòó, ó kọ ìwé lórúkọ Alhaja, ó sì buwọ́ lù ú.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó wọ kóòtù, ó gbé ìwé náà ka iwájú Títílọlá, ọ̀gá dípò.

"Alhaja Bùsírátù ló rán mi."

Jùbrílù, bíríkìlà mọ́ṣáláṣí náà, wà lórí ìlà. Ó na ìwé tirẹ̀ sókè. "Màdáàmù, èmi náà ni Alhaja rán o!"



Herbert rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi méjèèjì wéra. Ojúlówó góòlù kì í sá fún iná!"

Títílọlá mú káàdì tí Alhaja fúnra rẹ̀ ti buwọ́ lù nígbà tó forúkọ sílẹ̀. Ti Jùbrílù bá a mu: ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ti Herbert ńkọ́? Òdòdó ló yọ lórí, ìrù rẹ̀ sì gùn dé etí ìwé.

"Ọ̀gá, èyí kò jọ ti Alhaja rárá," ni Títílọlá wí. "Ẹni tó ṣe é kò tilẹ̀ mọ̀wé kọ."

Ẹ bú bàbá Herbert, á fojú fò ó. Ẹ má bú kálámù rẹ̀.

"Kò mọ kí ni? Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Wo bí ti ìyá yẹn ṣe rí wúruwùru! Ojú ló tì mí fún un tí mo fi bá a tún un ṣe!"

Ìgbà tó gbọ́ ohun tó sọ, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú àtúnṣe o!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

Wọ́n ní àwọn yóò pe ọlọ́pàá. Herbert dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Jùbrílù ló bá a bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Alágbàṣe ni ilé Ọlọ́run ń wá."

Bí Herbert ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ru sìmẹ́ńtì sínú ọkọ̀ nìyẹn. Kó tó ṣe díẹ̀, irùngbọ̀n, ojú àti kóòtù ti di àwọ̀ kan náà. Ibẹ̀ ni Beatrice, ìyàwó rẹ̀, bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, alágbàṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ni mò ń wá, ẹni ńlá kan báyìí. Ẹ ò rí i?"

Herbert mirí. Òun ò rí i.