Táǹkì Fépù Tó Ń Jò

Bàbá Púlọ́ńbà ní òun kàn ń kọjá lọ ni, òun sì ní kí òun yà kí ọkọ ọmọ òun, ṣùgbọ́n odindi àpò irinṣẹ́ ló gbé lé orí tábìlì ilé ìdáná. Àna rẹ̀ kò tilẹ̀ kíyè sí ìyẹn. Fépù rẹ̀ tó ń jò, sìgá oníbátìrì tó ń sọ omi inú táǹkì rẹ̀ di èéfín, ló wé sínú tíṣù bí ẹni gbé òròmọdìẹ tó kán lẹ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti búra pé bó bá tún fi lè kán sórí àga tuntun, inú garawa ìdọ̀tí ni òun máa sọ ọ́ sí.

"Ibo ló ti ń jò?"

"Ìsàlẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ rọra o. Látìgbà tí mo ti jáwọ́ nínú sìgá, òun ni mo fi ń tan ọ̀fun mi jẹ."

"Báwo lo ṣe ń rọ omi sí i?"

"Mo máa ń rọ ọ́ títí á fi kún dẹ́nu."

"Háà! Táǹkì orí òrùlé pàápàá, a máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Tó o bá fẹ́ sùn ńkọ́, ibo lo ń gbé e sí?"

"Abẹ́ ìrọ̀rí."

"Ó ń dúró ni, àbí ó ń dùbúlẹ̀?"

"Bàbá, abẹ́ ìrọ̀rí ni mo wí."

"Ìwọ dùbúlẹ̀, òun náà dùbúlẹ̀. Ṣé itọ́ kì í dà lẹ́nu ìwọ náà tó o bá sùn? Ọmọ mi ti rojọ́ ẹ̀ fún mi."

Àna rẹ̀ wolẹ̀. Bàbá tú táǹkì náà, ó fi èékánná yọ rọ́bà roboto kan tó ti gé.

"Wò ó! Rọ́bà tí kò tó owó ìṣáná lo fẹ́ fi ba àga olówó ńlá jẹ́."

Ó fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ló fa sípánà yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ìka lásán ni wọ́n fi ń dè é!"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń de ẹnu páìpù? Panu mọ́, jàre."

Ó dè é pinpin. Ó wé téèpù funfun mọ́ ọn nísàlẹ̀ bí ẹni ń di ọgbẹ́, ó sì gbé e lé tíṣù. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn. Tíṣù gbẹ táútáú.

"Kò jò mọ́!" Inú àna rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó gbé fépù sẹ́nu, ó fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì jìn wọlé. Ó tún fà á. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. Èéfín bíńtín kò jáde.

"Bàbá, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

"Mo rí wọn. Mo dí gbogbo wọn."

"Ihò afẹ́fẹ́ ni wọ́n!"

"Omi ò mọ ìyẹn. Ihò ni ihò ń jẹ́ lójú omi."

"Ẹ bá mi tú u."

"Rárá o." Bàbá ti ń pa àpò rẹ̀ dé. "Ẹni tó bá bẹ púlọ́ńbà níṣẹ́ ló lè ní kó tú u."

"Ta ló tún bẹ̀ yín níṣẹ́?"

"Ìyàwó rẹ ni. Ó ní kí n ṣe é kó má jò mọ́. Mo ní, 'Èéfín ńkọ́?' Ó ní, 'Bàbá mi, ẹ má da ara yín láàmú nípa ìyẹn.'"

"Ẹ gbà mí o! Kí ni mo wá fẹ́ fi tan ọ̀fun mi jẹ báyìí?"

Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ṣebí ẹ̀tàn lo ní o fẹ́? Máa fà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tàn wo ló tún ju ìyẹn lọ?"