Ẹsẹ̀ Kẹta fún Máṣìn Zulkifli

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, ní Ogui, ní ìlú Enugu. Alárápé jórinjórin, ọmọ Ìsẹ́yìn tí kò sí ohun tí kò mọ̀ àfi ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, jókòó sórí àgbá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Zulkifli, ọ̀dọ́kùnrin tó ń so díìṣì tẹlifíṣọ̀n kiri, ti alùpùpù rẹ̀ dé. Kó tó ráyè bọ́ àkoto orí rẹ̀ ló ti dọ̀bálẹ̀.

ALÁRÁPÉ: Dìde, ọmọ mi. Àkoto rẹ fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ mi. Kí ló bà jẹ́ lára máṣìn?

ZULKIFLI: Kò sóhun tó bà jẹ́, Bàbá. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi kún un. Méjì ló ní. Mo fẹ́ kó di mẹ́ta.

ALÁRÁPÉ: Mo ti mọ̀. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ akérò lo fẹ́ máa ṣe.

ZULKIFLI: Rárá o, Bàbá. Díìṣì ni mò ń so.

ALÁRÁPÉ: Ogún ọdún ni mo ti ń jórin ní Enugu, má fi í pa mọ́ fún mi. Nǹkan mẹ́ta ló ń mú kí ẹni tó ń gun máṣìn wá ẹsẹ̀ kẹta: ẹrù tó wúwo, eegun tó ń dunni, tàbí ìyàwó tó sanra. Èwo ni tìrẹ?

ZULKIFLI: Ìkíni ni, Bàbá.

Alárápé wo Zulkifli, ó wo máṣìn, bíi pé ọ̀kan nínú wọn máa ṣàlàyé.

ZULKIFLI: Ṣé ẹ mọ Alhaji Mọ́nsúrù, alálùbọ́sà tó wà ní oríta?

ALÁRÁPÉ: Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí o bá kọjá láì kí i, á ròyìn rẹ dé Ìlọrin.

ZULKIFLI: Muhsinah ọmọ wọn ni mo fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ Àìkú yìí làwọn èèyàn mi ń lọ tọrọ rẹ̀. Alhaji sì ti ní àwọn ò ní í fọmọ fún ẹni tí kò mọ àgbà á kí. Bàbá, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Mi ò rí oorun sùn mọ́.

ALÁRÁPÉ: Kí lo wá ń wò? Kí i.

ZULKIFLI: Ojoojúmọ́ ni mò ń kí wọn. Mo kọ́kọ́ ń fi orí kí wọn bí mo ṣe ń kọjá. Wọ́n ní aláǹgbá ló ń mi orí.

ALÁRÁPÉ: Wọn ò purọ́. Ọwọ́ lò bá gbé sókè.

ZULKIFLI: Mo gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún máṣìn níná, tòsì ló ṣẹ́ kù.

ALÁRÁPÉ: O fi ọwọ́ òsì kí àna rẹ?

ZULKIFLI: Gbogbo ọjà Ogbete ló gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ kú àárọ̀" ni mo sọ lójú títì, inú gọ́tà ni mo ti sọ "sà".

ALÁRÁPÉ: O ò ṣe dúró, kó o sọ̀ kalẹ̀, kó o dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ èèyàn?

ZULKIFLI: Mo ṣe é. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ tán ni máṣìn náà dọ̀bálẹ̀. Orí àlùbọ́sà wọn ló dọ̀bálẹ̀ sí.

ALÁRÁPÉ: (ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín) Fẹsẹ̀ rìn lọ nígbà náà.

ZULKIFLI: Mo fẹsẹ̀ lọ lánàá. Mo dojú bolẹ̀ gbalaja. Inú wọn dùn, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n dà bíi Zulkifli tó ń gun máṣìn.

ALÁRÁPÉ: Ṣé wọn ò mọ̀ pé ìwọ ni?

ZULKIFLI: Orúkọ mi ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ojú mi. Tí mo bá wà lórí máṣìn, àkoto ni wọ́n ń rí. Tí mo bá wà nílẹ̀, ìpàkọ́ ni wọ́n ń rí.

ALÁRÁPÉ: O ò wá sọ fún wọn?

ZULKIFLI: Àdúrà ni wọ́n ń ṣe, Bàbá. Mo ní àmín.

Alárápé dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Ó yí máṣìn náà ká lẹ́ẹ̀mejì.

ALÁRÁPÉ: Ó ti yé mi. Ó yé mi ju bó ṣe yé ọ lọ. Ẹsẹ̀ méjì ò lè dúró àfi tó bá ń sáré, ẹni tó ń sáré ò sì lè kí èèyàn dáadáa. Àwọn àgbà tó ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, máṣìn rẹ ni wọ́n ń bá wí.

ZULKIFLI: Ṣé màá lè dọ̀bálẹ̀ lórí ẹ̀?

ALÁRÁPÉ: Dọ̀bálẹ̀ kẹ̀? Wàá sùn lórí ẹ̀, wàá hanrun.

Nígbà tí wọ́n fi máa kírun Jímọ̀ dé, táyà bárò ìkẹ́rù kan tó ti fẹ̀yìn tì lọ́jà Ogbete ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún máṣìn, pẹ̀lú irin mẹ́ta àti pákó kan lórí wọn. Alárápé padà sórí àgbá, ó ká apá, ó di Alhaji. Zulkifli gbéra láti ọ̀ọ́kán, ó tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó sùn lé táǹkì. Máṣìn rọra yí dé iwájú àgbá, ó sì dúró.

ZULKIFLI: (ẹnu rẹ̀ wà lórí táǹkì) Ẹ kú ọ̀sán, sà.

ALÁRÁPÉ: (ó mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti Alhaji) Ọmọ ta nìyí? Wá mú Muhsinah, jọ̀ọ́.

ZULKIFLI: Ẹ má fi mí ṣeré, Bàbá. Omi ti ń bọ́ lójú mi.

ALÁRÁPÉ: Máa lọ. Kó o tó padà, àna ti di tìrẹ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó padà dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bárò.

ALÁRÁPÉ: O tún ṣubú ni?

ZULKIFLI: Mi ò ṣubú. Mo sùn lé táǹkì, máṣìn dúró níwájú wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Alhaji dìde. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí àkoto, wọ́n ní ilé tí wọ́n ti bí mi, wọ́n kọ́ mi níbẹ̀.

ALÁRÁPÉ: Ṣé mi ò sọ fún ọ?

ZULKIFLI: Wọ́n wá gbé àpò àlùbọ́sà méjì sórí pákó, wọ́n jókòó sẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Keke, Ogbete. No dey waste time."

ALÁRÁPÉ: Ta ni kẹ̀kẹ́?

ZULKIFLI: Ní Enugu níbí, Bàbá, ohun tó bá ti ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ ni. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n mọ̀ mọ́ Zulkifli. Èèyàn mẹ́rin míì ló tún dá mi dúró lọ́nà.

ALÁRÁPÉ: O ò bọ́ àkoto, kó o ní, "Èmi ni Zulkifli"?

ZULKIFLI: Kí n já lu ọ̀rọ̀ àgbà? Wọn ò dákẹ́ títí a fi dé Ogbete. Wọ́n ní àwọn ò rí ọmọlúwàbí bíi tèmi rí ní Enugu. Wọ́n ní ká ní èmi ni mo wá tọrọ Muhsinah ni, àwọn ì bá ti gbà.

ALÁRÁPÉ: (ó fò sókè) Ó parí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí ni kó o gbé lọ lọ́jọ́ Àìkú.

ZULKIFLI: Mò ń gbé e lọ. Aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni Alhaji ní kí n wá gbé àwọn ní ṣọ́ọ̀bù lọ sílé.

ALÁRÁPÉ: Ọkọ ìyàwó tí àna fúnra rẹ̀ bá tẹ̀ lé wálé, ta ló fẹ́ lé e?

ZULKIFLI: Àwọn náà ni. Wọ́n ní Zulkifli kan ń bọ̀ nílé àwọn, àwọn fẹ́ tètè débẹ̀ kí àwọn lè lé e. Wọ́n ní tá a bá débẹ̀ kí n má tíì lọ, kí n bá àwọn tì í síta.

ALÁRÁPÉ: (ó di orí mú) Kí lo wá sọ?

ZULKIFLI: Àgbà ló bẹ̀ mí, Bàbá. Mo ti gbà.