Bẹ́líìtì Tó Já ní Kasuwar Kara

Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo lọ gbé ìyá ìyàwó mi ní gáréèjì Sókótó ò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Minanata, àdúgbò kan ní Sókótó, nígbà náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò àlòkù kan. Múfú, mẹkáníìkì ará Ọ̀yọ́, bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ táímìn-bẹ́líìtì rẹ̀, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì, kẹ́yìn. Mi ò mọ̀. Ẹni tó tà á fún mi náà ò mọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ lónìí, ẹ̀gbọ́n. Tó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì yẹn lè lọ sí i."

Mo ní kó jẹ́ ká sọmọ lórúkọ tán ná. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, mọ́tò ọ̀hún sì ń dún dáadáa létí mi. Àfi bíi pé etí télọ̀ mọ ohùn ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ yẹn náà, mo gbé Màmá, tí wọ́n ti Ìlọrin wá, a sì yà ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran, láti ra àgbò. Màmá fúnra wọn ló yàn án. Mo dì í lẹ́sẹ̀, mo tì í sínú búùtù. A ò tíì kúrò níwájú ọjà tí nǹkan fi dún pàù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ẹ́ńjìnnì sì kú.

Mo rò pé bátìrì ni. Mo bẹ àwọn ọkùnrin kan kí wọ́n bá mi tì í. Nígbà tí kò gbéra, Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ká ìró wọn sókè, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Èmi wà nídìí sítíárìn, ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n ti ń tì í ni búùtù ti ṣí. Okùn ti tú lẹ́sẹ̀ àgbò, ló bá fò jáde, ó wọ àárín àwọn àgbò ọjà lọ. Funfun ni tèmi. Funfun ni gbogbo wọn.

Mo di ọ̀kan mú. Ẹni tó ni ín ní, "Wannan nawa ne," pé tòun ni. Mo di òmíràn mú, ẹlòmíràn tún gbà á lọ́wọ́ mi.

Màmá dúró nínú eruku, wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n má baà pè wá lólè."

Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà ló gbé Màmá dé Minanata, lórí àpò àlùbọ́sà. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn wò mí, ó gbọ́mọ wọlé. Adìẹ la fi ṣe ìsọmọlórúkọ.

Nígbà tí Múfú tú ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì ti já, àwọn fáàfù ti wọ́, títì tá a ń tì í ló sì tún ba ìyókù jẹ́. Mo jókòó sórí táyà. Mọ́tò náà ò rìn mọ́.

Tó o bá ra mọ́tò àlòkù, tó ò sì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni kó o pààrọ̀ ẹ̀. Kì í dágbére kó tó já. Títí di òní, tí Màmá bá ń sọ ìtàn ọjọ́ yẹn fáwọn ará Ìlọrin, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tèmi ò jìnnà sí ẹkún.