Bándélé Fi Aṣọ Ìsìnkú Baba Rẹ̀ Àgbà Rán Páìpù

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, nítorí ṣòkòtò ni.

Bándélé ló wọ ṣòkòtò ọ̀hún, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń la irun sí méjì bí akọ̀wé, tí kò sì níṣẹ́ akọ̀wé kankan. Ṣòkòtò náà fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Páìpù ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Baba rẹ̀ àgbà, Baba Jonah, ló pè é lẹ́jọ́. Baba náà ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ léraléra. Ẹ má rò pé ogbó ni, inú ló ń bí i.

Kábíyèsí jókòó. Olóyè Ọ̀dọ́fin jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó dé fìlà tuntun, ó sì ti fajúro sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu, bó ṣe máa ń ṣe.

“Baba Jonah, kí lọmọ yìí fi ṣe yín?”

“Kábíyèsí, aṣọ tí wọn ó fi sin mí ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ yẹn.”

“Ẹ là á yé wa.”

“Kíjìpá ni. Leah ìyàwó mi ló hun ún kó tó kú. Méjì ló hun, òwú kan náà, aró kan náà. A fi ọ̀kan sin òun. Ó ní kí n tọ́jú ìkejì, pé lọ́jọ́ tí mo bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun, aṣọ yẹn lòun ó fi dá mi mọ̀ láàárín èrò. Mo ká a sísàlẹ̀ àpótí. Ọmọ yìí mú un jáde, ó gbé e fún télọ̀.”

Àwọn tó fẹ́ rẹ́rìn-ín gbé ẹ̀rín mì.

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni, lọ́jọ́ Ìsinmi. Olùkọ́ ń wàásù lọ́wọ́. Ọmọ yìí dúró títí gbogbo èèyàn fi jókòó tán kó tó wọlé, kí gbogbo wa lè wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìlà pupa méjì tí Leah máa ń hun sí etí aṣọ. Ó ń gun itan ọmọkùnrin lọ sókè. Kábíyèsí, mo figbe ta. Olùkọ́ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi, ó ní kí ìjọ gbé orin.”

Kábíyèsí kọjú sí Bándélé. “Òótọ́ ni?”

“Kí adé pẹ́ lórí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe jẹ́.”

“Báwo ló ṣe jẹ́?”

“Baba ò lo aṣọ náà.”

“Aṣọ ìsìnkú ni. Ta ní í lò ó láì tíì kú?”

“Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn. Mo dúró dè wọ́n, Kábíyèsí. Lọ́dún tí a gba òmìnira, Baba ní àwọn ń lọ sọ́run. A ránṣẹ́ pe gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Kàdúná wá. Baba súre fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, a sunkún tó. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bèèrè iyán. Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n tún ní àwọn ń lọ. Iyán náà ni wọ́n tún bèèrè. Ikán sì ti ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo wò ó pé bí ikán ó bá fi múra, kí ọmọ Baba kúkú fi múra.”

“Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀,” ni Ọ̀dọ́fin wí. “Ẹ dá a dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n nà án.”

“Ọ̀dọ́fin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n sọ tán. Kérésìmesì ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà ní Èkó àti Jọ́ọ̀sì ń bọ̀ wálé, páìpù ni wọn ó wọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì. Èmi ò lówó. Iṣu ni mò ń kọ ebè rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lójú nílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀wù ọrùn mi, àpò ìyẹ̀fun ni. Ẹ wo bàtà mi, táyà lọ́rì ni, èédú àti epo ni mo fi kùn ún tó fi ń dán. Aṣọ ìnujú tó yọrí lápò àyà mi yìí, etí rẹ̀ nìkan ló wà. Mo rán an mọ́ ẹnu àpò.”

“Bí o bá làágùn ńkọ́?”

“Ọwọ́ ni mo fi ń nù ún, Kábíyèsí. Owó làwọn yẹn fi ń múra. Orí lèmi fi ń múra.”

“Orí wo?” ni Baba Jonah wí. “Àpótí mi lo fi múra.”

Kábíyèsí ní kí ọmọkùnrin náà kọ̀yìn. Lẹ́ta gbàǹgbà gbàǹgbà ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù náà, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sára àpò láti ilé iṣẹ́.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

“Ìwọ̀n ìyẹ̀fun ni, Kábíyèsí. Àwọn ọmọbìnrin ìlú Odò-Ọ̀wá rò pé orúkọ ẹgbẹ́ mi ni.”

Ẹ̀rín bú. Kábíyèsí náà fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Bọ́ ṣòkòtò náà kí ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ó fún ọ ní ìró.”

Bándélé ò mira.

“O ò gbọ́?”

“Mo gbọ́. Kì í bọ́ báyìí, Kábíyèsí.”

“Báwo ní í ṣe í bọ́?”

“Ó ń fẹ́ àdí. Wọn ó fi àdí pa orúnkún mi. Ẹnì kan ó dì mí mú lábíyá, ẹnì kan ó máa fà á láti ìsàlẹ̀.”

“Báwo lo ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ sóko?”

“N kì í lọ sóko lọ́jọ́ tí mo bá wọ̀ ọ́.”

“Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́,” ni Baba Jonah wí.

Wọ́n pe Àlímì télọ̀. Ó wọlé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn, bí ẹni pé yóò wọn ìgbìmọ̀.

“Àlímì, ta ní ni aṣọ tí o gé?”

“Kí adé pẹ́ lórí. Ọmọ yìí gbé e wá, ó ní Baba ló fún òun. Ó ní Baba ní òun ò kú mọ́.”

“N ò sọ bẹ́ẹ̀,” ni Bándélé wí. “Mo ní Baba ò tíì kú. Bùọ̀dá Àlímì, ẹ̀yin lẹ ní ká tètè gé e kí wọ́n tó rántí.”

“Èmi? Èmi tí mo ní kí o dá a padà?”

“Ẹ ní kí n dá ìgbánú rẹ̀ padà, pé ó tóbi jù.”

Kábíyèsí ní, “Télọ̀, gbogbo ìlú ló mọ ìlà pupa Leah. Ìwọ ò rí i?”

“N kì í wo ìlà, Kábíyèsí. Ìdí àti orúnkún ni mò ń wò.”

“Ó dáa, wo èyí. Aṣọ tó tó bo géńdé láti orí dé ẹsẹ̀ lo gbà. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí kò tó nǹkan tí a fi í di orí àmù. Ìyókù dà?”

“Ìyókù ti ya.”

“Eku lẹ sọ fún mi pé ó jẹ ẹ́,” ni Bándélé wí.

“Lẹ́yìn tí eku jẹ ẹ́ ló ya.”

“Ẹ tún ní ẹ ó fi dí owó iṣẹ́ yín.”

“Mo fi dí i ná, kí eku tó jẹ ẹ́.”

“Eku yìí lówó lọ́wọ́ o,” ni Kábíyèsí wí. Ó ní kí wọ́n pe Ṣubúọlá wá, àbúrò Leah, òun náà ahunṣọ. Ìyá náà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Kábíyèsí, ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú Bándélé, ó sì fi èékánná họ itan rẹ̀.

“Ìyá, ara mi ni.”

“Dákẹ́. Aṣọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Ó nàró. “Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Kábíyèsí. Èmi ni mo bá a rẹ òwú náà láró.”

“Ṣé o gbà pé eku jẹ ìyókù?”

Ṣubúọlá wo Àlímì. Ó wo ilẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó ń wo ibì kan ṣáá.

“Kábíyèsí, ẹ forí jì mí. Ìyókù ò jìnnà. Orí Ọ̀dọ́fin ló wà.”

Ọ̀dọ́fin gbọ́wọ́ lé fìlà. Bó ṣe gbọ́wọ́ lé e náà ni gbogbo ojú bá ọwọ́ rẹ̀ lọ, ìlà pupa méjì sì nìyẹn, ó yí etí fìlà po rekete.

“Mo rà á ni,” ni Ọ̀dọ́fin wí.

“Lọ́wọ́ ta?”

“Àlímì ní Ìlọrin ló ti dé.”

“Mo ní ó jọ ti Ìlọrin,” ni Àlímì wí.

“Ẹ̀yin sì jẹun lọ́wọ́ Leah nígbà ayé rẹ̀, Ọ̀dọ́fin. Ẹ ò mọ ìlà rẹ̀?” ni Kábíyèsí wí.

“Mo rò pé àṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, Kábíyèsí.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dá ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n nà án. Ṣé kí wọ́n tẹ́ ẹní fẹ́ni méjì?”

Ọ̀dọ́fin wúkọ́. “Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà rò. Nínà ò tún èèyàn ṣe.”

Mo ti ń lọ sí ààfin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, n ò tíì gbọ́ irú àánú bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Ọ̀dọ́fin rí. Fìlà lásán ló kọ́ ọ.

Kábíyèsí wá yíjú sí olùpẹ̀jọ́. “Baba Jonah, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?”

“Aṣọ mi ni mo fẹ́. Kábíyèsí, ojú Leah ò ríran dáadáa mọ́ nígbà tó lọ. Bí mo bá wọ nǹkan mìíràn débẹ̀, yóò kàn máa wò mí bí àlejò ni.”

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Bándélé tẹrí ba. Nínú páìpù yẹn, orí nìkan náà ló ṣeé tẹ̀.

“Baba,” ló wí jẹ́jẹ́, “n ò mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.”

“O ò bi mí.”

Ìgbìmọ̀ fi orí korí. Ọ̀dọ́fin fẹ́ bá wọn fi orí korí, wọ́n ní kó kọ́kọ́ ṣí fìlà. Nígbà tó yá, Kábíyèsí sọ̀rọ̀.

“Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Bándélé, o ní orí lo fi ń múra. A fẹ́ rí ọwọ́ rẹ. Láti àárọ̀ ọ̀la, ìwọ ni yóò hun kíjìpá mìíràn fún baba rẹ àgbà. Òfì tí àwọn obìnrin ń jókòó tì, òun náà ni ìwọ ó jókòó tì. Ṣubúọlá ni ọ̀gá rẹ, òun ni yóò kọ́ ọ bí Leah ṣe ń hun ìlà pupa rẹ̀. Iwájú ààfin níbí ni a ó gbé òfì sí, létí ọ̀nà lọ́rì, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè bá ọ níbẹ̀ bí wọ́n bá ti ń sọ̀kalẹ̀. Páìpù yẹn náà ni o ó sì máa wọ̀ hun ún.”

“Kábíyèsí, kò ṣeé fi jókòó sílẹ̀.”

“O ó wá ọ̀nà. O lójú nílẹ̀.

“Àlímì, ìwọ ni o ó máa ran òwú tí wọn ó fi hun ún. Bí eku bá jẹ ẹyọ kan, ìwọ ni eku náà.

“Ọ̀dọ́fin, ẹ ó máa fi orí lásán jókòó nínú ìgbìmọ̀ títí aṣọ yóò fi parí. Ẹ gbé fìlà yẹn fún ẹni tó ni ín.

“Ó ku ẹ̀yin, Baba Jonah. A fi òfin ìlú dè yín. Ẹ ò gbọdọ̀ kú títí ọmọ yìí ó fi hun aṣọ náà tán, tí ẹ̀yin fúnra yín ó sì sọ pé ó dára. Bí ẹ bá kú láì sọ ọ́, ẹ ti rú òfin, a ó sì pe ẹbí yín lẹ́jọ́.”

“Ọwọ́ ọmọ yìí ò yá, Kábíyèsí.”

“A mọ̀.”

Ọ̀dọ́fin nawọ́ fìlà. Baba Jonah gbà á, ó wò ó pẹ́, ó dé e. Ó mú un lórí gan-an. Ṣubúọlá wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ rí i lára yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.” Baba náà ń tún etí fìlà ṣe, bí ọ̀dọ́ tó ń lọ sóde.

Mo gba iwájú ààfin kọjá ní òwúrọ̀ yìí. Bándélé wà nílẹ̀ ní ìdí òfì, páìpù ti fàya ní ìdí, ó fi ẹ̀wù ìyẹ̀fun bo ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ ń kí i kú iṣẹ́, èyí tó burú ju èébú lọ. Ó ti hun nǹkan bí ìbú ọwọ́, ó wọ́ bí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ìlà pupa méjì wà níbẹ̀.

Baba Jonah jókòó lórí àga tì í, fìlà lórí, abọ́ iyán òwúrọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó na ọ̀pá kan aṣọ náà.

“Kò dára. Tú u.”

“Baba, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí mo ń tú u. Báyìí, kò lè parí láéláé.”

Baba Jonah bu òkèlè.

“Ta ló ń kán lójú?”