Aago Tó Kí Ìyá Àṣàkẹ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n? Ẹni tó bá ní òwe náà ti wà kí fóònù tó dé, kó ní sùúrù, kó gbọ́ tẹnu mi ná.

Mojírádé ló fà á, òun náà kò sì jiyàn. Olùkọ́ wọn ní kí òun, Nkiru àti Ladi jọ ṣe áàpù aago orí fóònù tó ń fi èdè Yorùbá, Ìgbò àti Hausa sọ̀rọ̀. Mojírádé ní kí wọ́n lọ dán an wò lọ́dọ̀ ìyá àgbà òun. Búrẹ́dì ni Ìyá Àṣàkẹ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò rí aago ògiri mọ́. Ilé ìwé kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ búrẹ́dì àwọn ọmọ fún un. Bó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé e fún.

Aago tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe dára. Bí àkókò bá tó, á ní, "Búrẹ́dì ti jinná." Ó parí. Ara Mojírádé ni kò gbà á.

"Ṣé bó ṣe máa jágbe mọ́ màmá mi nìyẹn, láì kí wọn?" Ó fi "Ẹ kú iṣẹ́, mà" ṣáájú.

"Ẹ̀yin Yorùbá nìkan lẹ ní ẹ̀kọ́ ilé?" ni Nkiru wí. Òun náà fi ìkíni Ìgbò sí i. Ladi, ọmọ Hausa, ní kíkí èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èébú ni nílùú àwọn. Ó ní kí aago béèrè ilé, kó béèrè iṣẹ́, kó béèrè àárẹ̀ ara. Kí Yorùbá má baà gbẹ́yìn, Mojírádé lọ ki oríkì ìyá àgbà rẹ̀ sínú aago, láti orí baba ńlá wọn wá.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Aago fọhùn. Ìyá Àṣàkẹ́ ti ń lọ sídìí ààrò, ló bá gbọ́ "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó dúró, ó dáhùn. Ti Ìgbò dé, kò yé e, ó ṣáà ní, "Oo, a dúpẹ́." Hausa béèrè ilé, ó ní ilé wà. Nígbà tí oríkì bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí, ó jókòó, ó ń mi orí.

"Mojí, nǹkan ń jó," ni Ladi wí.

"Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ oríkì wọn tán."

Gbólóhùn tó ń dun Mojírádé títí dòní nìyẹn. Nígbà tí aago wá ní, "Búrẹ́dì ti jinná," ó ti jinná lóòótọ́, ó ti di èédú.

"Màmá, ẹ ò gbóòórùn ni?"

"Mo gbóòórùn. Ṣé kí n wá já lu ẹni tó ń kì mí ni?"

Awakọ̀ ilé ìwé gbé agbọ̀n ńlá sọ̀kalẹ̀. Ó wo ààrò, ó wo agbọ̀n, ó tún gbé e padà sọ́kọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí, ó sì lọ. Iṣẹ́ náà bá a lọ.

Mojírádé kúnlẹ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Oríkì náà dùn, ọmọ mi. Ẹ̀yìn búrẹ́dì ni ò bá fi í sí."

Ìkíni èdè mẹ́ta, oríkì odidi ìran kan, gbogbo rẹ̀ kò bo ìdí agbọ̀n. Ẹ wá rí i pé àwọn àgbà kò parọ́: ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.